Saint-Émilion, ìlú ọlọ́tí: ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ju èyí tójú ń rí lọ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìlú kékeré ṣe ń di ìlú ńlá lẹ́nu aráyé, kó lọ sí Saint-Émilion nílẹ̀ Faransé. Ìlú náà ò tóbi tó àdúgbò kan ní Mushin. Gbogbo àwọn tó ń gbé ibẹ̀, àtinú ìlú àti oko tó yí i ká, wọn ò pé 2,000 èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ ẹ̀ fáwọn tó mọ wáìnì dáadáa, ì báà jẹ́ l'Ékòó, ì báà jẹ́ ní London, ẹ óò rí i bí wọ́n ṣe máa rọra mi orí, bí ìgbà tí wọ́n gbọ́ orúkọ ọba.

Kí ló wá wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pariwo? Ohun tá a lọ wò gan-an nìyẹn. Ohun tá a sì rí ni pé, lóòótọ́ ni ẹwà ìlú náà wà lókè tójú ń rí i, àmọ́ abẹ́ ilẹ̀ ni gbogbo àṣírí ẹ̀ wà.

Àárọ̀ la wọ ọkọ̀ ojú irin ní Bordeaux, ìlú ńlá tó wà létí odò lápá ìwọ̀-oòrùn gúúsù Faransé. Ìrìn náà ò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 lọ. Ọkọ̀ ò tíì jìnnà sí ìgboro tí igi àjàrà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lọ́tùn-ún lósì. Kì í ṣe igi gíga o, kò ga ju àyà èèyàn lọ, ìlà ìlà ni wọ́n sì gbìn ín, ó gún régé bí irun kọ́lẹ́sẹ̀ tí onídìrí tó mọṣẹ́ di. Ibùdókọ̀ Saint-Émilion ò sí nínú ìlú, ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí, ìlú sì wà lórí òkè. Ẹsẹ̀ la fi rìn ín, ó gbà wá tó ogún ìṣẹ́jú, àjàrà ló sì yí wa ká títí tá a fi débẹ̀. Kò síbi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún igbó. Ẹ̀yìn ilé, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ìdí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, àjàrà ni ṣáá.

Lọ́dún 1999, àjọ UNESCO kọ orúkọ ìlú náà àtàwọn ìlú kéékèèké méje tó múlé gbè é sínú ìwé àjogúnbá gbogbo àgbáyé. Àwọn ará ibẹ̀ ò yéé fi yangàn pé oko àjàrà tàwọn làkọ́kọ́ tí wọ́n máa fún ní irú ipò yẹn, pé ilẹ̀ tí iṣẹ́ ọwọ́ àti àṣà àwọn èèyàn ti sọ di ohun àpéwò ni. Ẹ má gbàgbé pé irú ipò yìí náà ni wọ́n fún Igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo lọ́dún 2005.

Ká tó sọ̀rọ̀ jìnnà, ẹ̀yin ìyá wa àtẹ̀yin ọ̀dọ́mọbìnrin tẹ́ ẹ fẹ́ràn bàtà gogoro, ẹ fi sílé o. Àwọn ọ̀nà kan wà nínú ìlú yẹn tí wọ́n ń pè ní “tertre”, wọ́n dagun bí òkè Olúmọ, òkúta roboto roboto ni wọ́n sì tò sílẹ̀ wọn. Ẹsẹ̀ èèyàn márùn-ún tó ń lọ níwájú wa, mẹ́rin ló ń yọ̀. Àlàyé tí wọ́n ń ṣe fún àlejò ni pé inú ọkọ̀ ojú omi tó wá ra wáìnì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ làwọn òkúta náà ti wá, pé wọ́n fi ń dí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kó má baà fúyẹ́ jù, wọ́n á sì dà á sílẹ̀ láti ráyè kó àgbá wáìnì. Bó ṣe wá jẹ́ náà nìyẹn, òkúta lọ, ọtí bọ̀.

Orúkọ ìlú náà, orúkọ èèyàn ni. Láàárín ọdún 700 sí 800, ọkùnrin kan wà ní Vannes, nílẹ̀ Brittany, tó ń jẹ́ Émilion. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ilé ìjòyè kan ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń fi búrẹ́dì ilé náà pamọ́ sábẹ́ ẹ̀wù, á lọ pín in fáwọn tálákà. Wọ́n bá ta ọ̀gá ẹ̀ lólobó. Ọ̀gá dá a dúró lójú ọ̀nà, ó ní kó ṣí aṣọ kóun rí ohun tó gbé. Ó ṣí i lóòótọ́, wọ́n ní búrẹ́dì ti di igi ìdáná. Ìròyìn náà tàn kálẹ̀, èrò wá ń ya lọ sọ́dọ̀ ẹ̀, ariwo ayé sì sú u. Ó bá ká ẹrù ẹ̀, ó wá síbi tá à ń wí yìí, ó rí ihò àpáta kan, ibẹ̀ ló jókòó sí tó ń gbàdúrà títí tó fi kú lọ́dún 767. Kò gbin àjàrà, kò pọn ọtí. Àwọn ọmọlẹ́yìn ẹ̀ tó tò sí i ni wọ́n tẹ ìlú dó.

A wọ ihò náà. Ó ṣókùnkùn, ó tutù, omi kan sì ń sun níbẹ̀ tí kì í gbẹ. Wọ́n fi àga kan hàn wá tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta. Obìnrin tó bá ń wá ọmọ, wọ́n ní kó jókòó sórí ẹ̀, kó gbàdúrà. Ẹni tó mú wa yípo sọ pé títí dòní làwọn ìyá ọmọ ṣì ń kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ ránṣẹ́, tí wọ́n á fi fọ́tò ọmọ sí i. A wo ojú ara wa. Ta ló sọ pé àwa nìkan là ń tọrọ ọmọ létí omi?

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò yẹn gan-an ni ohun tó yani lẹ́nu jù wà. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ni, ṣùgbọ́n wọn ò kọ́ ọ, wọ́n gbẹ́ ẹ ni. Nǹkan bí ọdún 1100 làwọn èèyàn dojú irin kọ àpáta, wọ́n ń gbẹ́ ẹ wọnú lọ títí tó fi di gbọ̀ngàn tó gùn tó mítà 38, tó fẹ̀ tó 20, tí àjà ẹ̀ sì ga ju mítà 10 lọ. Òpó, àjà, ògiri, òkúta kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Béèyàn bá wà níta, fèrèsé mélòó kan àti ilẹ̀kùn ló máa rí lára àpáta, kò ní mọ̀ pé ilé Ọlọ́run wà nínú.

Àwọn tó wá lẹ́yìn wọn ò jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Wọ́n tún kọ́ ilé agogo lé àpáta náà lórí, òkè òkè, títí tó fi ga tó mítà 68. Wọ́n ní ìwọ̀n ẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 4,500. Orí kí ni gbogbo ẹrù yẹn wà? Orí àwọn òpó inú ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nísàlẹ̀ ni. Òkúta ibẹ̀ sì rèé, òkúta ẹfun tó rọ̀ ni, ó ń fa omi mu bíi kànìnkànìn. Omi tó ń wọlẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwọn òpó náà di aláìlágbára, ló bá di pé kí wọ́n wá fi irin de wọ́n láyìíká, bí ìgbà tí oníṣègùn eegun bá fi ọparun de ẹsẹ̀ tó dá. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ máa rí àwọn irin náà. Kò dùn ún wò, ṣùgbọ́n òun ni kò jẹ́ kí ilé agogo gúnlẹ̀ sórí àwọn tó ń gbàdúrà. Wọn kì í jẹ́ kí àlejò dá wọ ibẹ̀, ẹni tó mọ̀nà gbọ́dọ̀ mú un wọlé, kó sì san owó.

Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan kọ́ ló wà lábẹ́ ilẹ̀ o. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi ń wa òkúta lábẹ́ ìlú náà àti lábẹ́ oko ẹ̀. Wọ́n ní béèyàn bá so gbogbo ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ náà pọ̀, ó tó kìlómítà 200. Ibo ni wọ́n ń kó òkúta náà lọ? Púpọ̀ nínú ẹ̀ ló bá ti odò Dordogne lọ sí Bordeaux, tí wọ́n fi kọ́ àwọn ilé aláràbarà tí àlejò ń yà ní fọ́tò lónìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa náà nìyí. Bordeaux tó ń kọ́lé ńláńlá láàárín ọdún 1700 sí 1800 yẹn, wáìnì nìkan kọ́ ló sọ ọ́ di olówó. Ó lé ní 400 ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi gbéra níbẹ̀ lọ kó ẹrú nílẹ̀ Áfíríkà, àwọn èèyàn tí wọ́n sì kó lé ní 100,000. Saint-Domingue, tí wọ́n ń pè ní Haiti báyìí, ni wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ wọn lọ. Láàárín àwọn ẹrú tó dé erékùṣù náà láti ibi gbogbo, àwọn Nàgó, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá, wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bọ Ògún ní Haiti títí dòní. Lọ́dún 2019, ìjọba ìlú Bordeaux gbé ère obìnrin kan, Modeste Testas, kalẹ̀ létí odò, ọmọ Áfíríkà táwọn oníṣòwò ìlú náà rà lẹ́rú. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Saint-Émilion, kó kọ́kọ́ yà níbẹ̀ kó kí i. Ó yẹ kéèyàn mọ ohun tí wọ́n gbé jáde lábẹ́ ilẹ̀, kó sì mọ owó tí wọ́n fi rà á.

Abẹ́ ilẹ̀ yìí náà ti gba ẹ̀mí èèyàn là fúngbà díẹ̀. Nígbà tí ìjọba ń bẹ́ orí àwọn èèyàn ní Faransé láàárín ọdún 1793 sí 1794, ọmọ bíbí ìlú náà kan tó jẹ́ òṣèlú, Élie Guadet, sá wálé pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Obìnrin kan, Ìyáàfin Bouquey, ló gbà wọ́n, tó fi wọ́n pamọ́ sínú ihò abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń gba inú kànga wọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n rí Guadet mú, wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní Bordeaux, wọ́n sì bẹ́ obìnrin náà pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú àwọn títì tó ṣe kókó nínú ìlú ló ń jẹ́ Guadet lónìí.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ọtí. Ìlú tó ń pọn wáìnì pọ̀ nílẹ̀ Faransé, kí ló dé tó jẹ́ Saint-Émilion ni wọ́n ń pariwo? Òfin ni. Lọ́dún 1199, Ọba John ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn àgbààgbà ìlú náà láṣẹ láti máa ṣe ìjọba ara wọn. Ẹ lè béèrè pé kí ló kan ọba Gẹ̀ẹ́sì nínú ọ̀rọ̀ ìlú Faransé. Ìgbéyàwó ló dá a sílẹ̀. Ìyá John, Aliénor, ló jogún ilẹ̀ Aquitaine lọ́wọ́ bàbá ẹ̀. Lọ́dún 1152 ló fẹ́ Henry, ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni Henry sì jọba Gẹ̀ẹ́sì, ló bá di pé ilẹ̀ ìyàwó wọ abẹ́ ìjọba ọkọ. Ó tó nǹkan bí 300 ọdún kí Faransé tó lé wọn lọ pátápátá lọ́dún 1453, níbi ogun Castillon, tí kò jìnnà sí Saint-Émilion.

Àwọn àgbààgbà yẹn ni wọ́n ń pè ní Jurade. Àwọn ni wọ́n ń gba owó orí, àwọn ni wọ́n ń dájọ́, àwọn náà ló sì ń tọ́ wáìnì wò. Irin tí wọ́n fi ń sàmì sára àgbá wà lọ́wọ́ wọn. Wáìnì tó bá dára, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sára àgbá ẹ̀. Èyí tí kò bá dára, wọ́n á ní kí wọ́n dáná sun ún, ì báà jẹ́ ti ọmọ ta. Ẹ ronú ẹ̀ wò ná: iṣẹ́ odidi ọdún kan, kí wọ́n dáná sun ún lójú ẹni torí kí orúkọ ìlú má baà bàjẹ́! Àwọn Jurade kógbá sílé nígbà tí wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ àwọn ọba Faransé lọ́dún 1789, ṣùgbọ́n àwọn alájàrà tún dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1948. Bó bá di oṣù kẹsàn-án, wọ́n á wọ ẹ̀wù pupa gbàgẹ̀rẹ̀, wọ́n á gun ilé ìṣọ́ ọba lọ sókè, ibẹ̀ ni wọ́n á ti kéde pé ìkórè ti dé.

Àwa tá a mọ ẹmu máa ń rò pé gbogbo ọtí ni wọ́n ń mu ní tútù. Ẹmu àárọ̀, bó bá di ọjọ́ kejì, ó ti kan. Wáìnì tiwọn, òdì kejì ni. Bí wọ́n bá já èso àjàrà lóṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, tí wọ́n fún un, tó hó tán, inú àgbá onígi ni púpọ̀ nínú ẹ̀ máa wà fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn nínú àwọn ihò tí wọ́n ti wa òkúta nígbà kan. Òtútù ibẹ̀ kì í pọ̀ jù, kì í sì í dín. Irú àjàrà tí wọ́n ń pè ní Merlot ló pọ̀ jù níbẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e ni Cabernet Franc. Òkúta ẹfun tó ń ba òpó ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ yẹn ló sì ń ṣe àjàrà lóore, torí omi tó ti fà mu ló ń fún gbòǹgbò nígbà ọ̀dá.

Wọ́n fún wa tọ́ wò nínú ṣọ́ọ̀bù kan. Ẹ ò ní gbà wá gbọ́: àwọn tó mọ̀ ọ́n mu, wọ́n á gbé e, wọ́n á wò ó síná, wọ́n á gbóòórùn ẹ̀, wọ́n á fi yọ ẹnu, wọ́n á sì tu ú dànù sínú garawa! Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú ẹlẹ́mu lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n á ní kí wọ́n mú un lọ sílé ìwòsàn Àrò. Àwa gbé tiwa mì. Bọ́ọ̀tù kan wà tí kò ju owó oúnjẹ ọ̀sán lọ níbẹ̀, ti àwọn ọgbà ńlá bíi Cheval Blanc sì wà tó jẹ́ pé owó bọ́ọ̀tù kan ṣoṣo lè san owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà, ìyẹn 70,000 náírà tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2024, fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ibi tí owó bá pọ̀ sí, ìjà kì í jìnnà síbẹ̀. Láti ọdún 1955 ni wọ́n ti ń to àwọn ọgbà àjàrà ibẹ̀ ní ipò ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹni tí wọ́n bá gbé sókè, owó ọtí ẹ̀ á fò sókè. Ẹni tí wọ́n bá já sílẹ̀, ilé ẹjọ́ yá. Ẹjọ́ ló fọ́ ìtò ti ọdún 2006 yángá. Lórí ti ọdún 2012, ilé ẹjọ́ kan ní Bordeaux bu owó ìtanràn lé ọ̀kan lára àwọn olówó alájàrà náà lọ́dún 2021, wọ́n ní ó ti ọwọ́ bọ ètò tó yẹ kó yẹra fún. Ọdún yẹn kan náà ni Cheval Blanc àti Ausone, tí wọ́n wà lókè téńté, ní àwọn ò ṣe mọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìpolówó ti fẹ́ borí ọ̀rọ̀ ohun tó wà nínú ìgò. Angélus náà tẹ̀ lé wọn jáde ní oṣù kìíní, ọdún 2022. Nígbà tí wọ́n to ipò tuntun lọ́dún náà, Figeac àti Pavie nìkan ló kù lókè pátápátá.

Àwọn yẹn, ìjà ọlọ́lá ni wọ́n ń jà. Ojú ń pọ́n àwọn alájàrà kéékèèké. Àwọn Faransé ò mu wáìnì pupa tó bí àwọn bàbá wọn ṣe ń mu ún mọ́. Ní Gironde, ìpínlẹ̀ tí Saint-Émilion wà, wọ́n ṣètò lọ́dún 2023 pé kí wọ́n hú igi àjàrà tó tó héktà 9,500 dànù, kí wọ́n sì fún àgbẹ̀ ní 6,000 yúrò lórí héktà kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbọ́ o, wọ́n ń sanwó fún àgbẹ̀ pé kó hú ohun tí bàbá ẹ̀ gbìn.

Nínú ìlú gan-an, a rí ohun mìíràn. A ra àkàrà òyìnbó kékeré tí wọ́n ń pè ní macaron, tí wọ́n fi álímọ́ńdì, ṣúgà àti funfun ẹyin ṣe. Àwọn sísítà tó wá tẹ̀dó síbẹ̀ lọ́dún 1620 ni wọ́n ní àwọn ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ó dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tá a ń wá ibi tá a ti máa ra nǹkan gidi jẹ, ṣọ́ọ̀bù wáìnì la ń rí, wáìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáìnì. A ò rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe bàtà, a ò rí télọ̀, a ò gbọ́ ariwo ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ tí àwọn bọ́ọ̀sì kó èrò lọ, fèrèsé tí iná tàn nínú àwọn ilé àtijọ́ tó wà láàárín ìlú ò pọ̀. Ilé tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀, tí kò ṣẹ́ni tó ń sùn nínú púpọ̀ nínú wọn!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní ọmọ tàbí ẹbí ní Faransé, tí ọ̀nà sì gbé yín débẹ̀, ẹ lọ wò ó. Ẹ má lọ lóṣù kẹjọ, èrò á ti pọ̀ jù. Bàtà pẹlẹbẹ ni kẹ́ ẹ wọ̀, kẹ́ ẹ sì tètè sanwó àtiwọ ṣọ́ọ̀ṣì inú àpáta. Ẹ gun ilé agogo, àtẹ̀gùn ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200, ẹ óò rí gbogbo oko náà lọ rẹrẹ. Bẹ́ ẹ bá wá sọ̀ kalẹ̀, ẹ fara balẹ̀ wo àwọn òpó tí wọ́n fi irin dè. Àwọn tó gbẹ́ ìsàlẹ̀ ò ronú pé wọ́n máa gbé ilé agogo kà á, àwọn tó kọ́ ilé agogo ò sì béèrè bí ìsàlẹ̀ ṣe lágbára tó. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ni wọ́n ń ra irin.